Ẹlẹ́nu-Méje àti Ọmọ Tí Kò Kí Bàbá Rẹ̀

Bí òṣèré kan bá kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà nínú fíìmù, Ẹlẹ́nu-Méje á ṣàdúrà fún un. Á ní kí Ọlọ́run dá ẹ̀yìn náà sí, kó má mọ ìrora títí ọjọ́ alẹ́. Kì í ṣe pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ o. Ẹni tó kọ ẹ̀yìn síni, a ò rí ẹnu rẹ̀. Ẹni tí a ò sì rí ẹnu rẹ̀, a lè fi ọ̀rọ̀ tó bá wù wá sí i lẹ́nu, kò sí ẹni tó máa bi wá léèrè.

Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á gbé fíìmù tí wọ́n fi èdè òkèèrè ṣe wá, òun á tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, á wá bá àwọn tó ń yá òṣèré lóhùn jókòó sídìí máìkì, wọ́n á máa sọ ọ́ títí ẹni tó wà lórí àga nílé rẹ̀ á fi gbàgbé pé kì í ṣe Yorùbá làwọn èèyàn yẹn ń sọ látilẹ̀wá. Ìnagijẹ yẹn bá a láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sówó láti pe èèyàn púpọ̀ nígbà náà, ni òun nìkan bá ṣe ìyá, ó ṣe ọmọ, ó ṣe àbúrò ìyá, ó ṣe nọ́ọ̀sì, ó ṣe arúgbó tó ń kú lọ, ó ṣe ológbò, ó tún ṣe ilẹ̀kùn tó ń han gooro. Àwọn tó wo fíìmù ọ̀hún sọ pé ilẹ̀kùn yẹn ló dáa jù nínú gbogbo wọn.

Ẹni tí kò mọ̀dí iṣẹ́ yìí á rò pé ìwé kíkà lásán ni. Irọ́ ni. Òṣèré ti la ẹnu, ó ti pa á dé, kò sì ní dúró dè ẹ́. Bí ètè rẹ̀ bá pàdé, ọ̀rọ̀ tí ètè ń pàdé nínú rẹ̀ ló gbọdọ̀ bọ́ síbẹ̀, b tàbí m tàbí gb, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnu á máa lọ sápá kan, ohùn á máa lọ sápá kejì. Ọlọ́run bá wa ṣe é, gb pọ̀ lọ́wọ́ wa. Àwọn òṣèré onírunmú gígùn lọ̀rẹ́ Ẹlẹ́nu-Méje, torí irunmú ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà nígbà tí kámẹ́rà wà nítòsí imú wọn lọ̀tá.

Ṣùgbọ́n ẹnu kọ́ ni wàhálà tó tóbi jù. Wàhálà tó tóbi jù ni pé ohun tí èdè kan sọ di dandan kéèyàn sọ, èdè kejì ò bìkítà fún un rárá. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan nínú fíìmù ní ọmọ ìyá òun lọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́nu-Méje ní, ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò? Kò sí ẹni tó mọ̀. Wọ́n tẹ àwọn tó ni fíìmù láago, ẹ̀rín pa àwọn yẹn, wọ́n ní àwọn ò tíì ronú kan ẹni tó ṣáájú nínú wọn rí, pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó máa sọ "ẹ" fún ẹnì kejì ni. Wọ́n dákẹ́ lórí fóònù bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè nípa oṣù òkè.

Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ àwa la jèrè. Nínú fíìmù apààyàn kan, èdè tí wọ́n fi ṣe é ò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni kó má fi hàn bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ni wọ́n bá ti tú àṣírí fún ara wọn kí fíìmù tó dé ìdajì. Tiwa ń sọ pé "ó pa á, ó sì sá lọ," ta ló mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo? Nígbà tí wọ́n wá ṣí aṣọ lójú ìyàwó adájọ́ níparí, àwọn òǹwòran wa fò dìde lórí àga. Ẹlẹ́nu-Méje ròyìn fíìmù yìí fún gbogbo ẹni tó bá pàdé, títí kan dókítà tó fẹ́ yọ eyín fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan irú nǹkan báyìí, ara rẹ̀ kì í gba ìjókòó. Á dìde, á jókòó, á tún dìde, ọwọ́ á máa sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹnu.

Yàrá iṣẹ́ wọn wà lókè ilé ìtẹ̀wé kan. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ń ró nísàlẹ̀, wọ́n á dúró dè é, torí máìkì ń gbọ́ ọ. Fóòmù ni wọ́n fi bo gbogbo ògiri kí ohùn má bàa máa ta padà, aṣọ tó nípọn wà lójú fèrèsé, tábìlì kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀, Onímáìkì, ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú bisikíìtì rẹ̀, ìró bisikíìtì yẹn sì ti mú kí wọ́n tún iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan ṣe rí. Òun náà ló ń ṣe ohùn àwọn ọ̀dọ́kùnrin, bó bá ti gbé èyí tó wà lẹ́nu mì. Ohùn àwọn àgbà ọkùnrin jẹ́ ti bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Olùkéde, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kíkéde ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀. Gbogbo bàbá, gbogbo adájọ́, gbogbo dókítà àgbà inú fíìmù, ọ̀fun rẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde.

Lọ́sẹ̀ kan tí òjò ò jẹ́ ká rímú mí, Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ náà gbé eré tuntun kan wá. Eré alápá púpọ̀ ni, ẹni tó bá rí i gbà ti bọ́ lọ́wọ́ àìríṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ àwọn tó ni eré náà ní kí wọ́n fi apá àkọ́kọ́ dán ọwọ́ wò ná. Kí wọ́n pe èèyàn lásán jọ, kí wọ́n wò ó. Bó bá wọ̀ wọ́n lára, iṣẹ́ di ti Ọ̀gá. Bí kò bá wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á kúkú máa kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán, kí ẹni tó mọ̀wé máa kà á fúnra rẹ̀, kí àwọn ayánilóhùn máa lọ sílé. Òfin méjì ni wọ́n fi lé e: ẹnu tó bá wà ní pípadé, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ nínú eré, ẹ má fi kún un.

Apá àkọ́kọ́ yìí kò lọ́jú pọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ti bínú kúrò nílé tipẹ́tipẹ́ ló padà wá. Bàbá rẹ̀, oníbàtà, kọ ẹ̀yìn sílẹ̀kùn, ó ń kan ìṣó mọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà. Ọmọ ṣílẹ̀kùn, ó dúró pẹ̀lú báàgì léjìká. Kámẹ́rà wò ó lójú kòrókòró. Kò sọ nǹkan kan. Bàbá náà ò bojú wẹ̀yìn. Ó kan ìṣó kan, ó kan òmíràn, ó wá ní, "Òtútù ń mú. Ti ilẹ̀kùn." Ọmọ ti ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó mú bàtà kan, ó ń nù ún. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó wọlé nìyẹn. Wọ́n ní nílùú tí wọ́n ti ṣe é, ibẹ̀ gan-an lomi ti bọ́ lójú gbogbo èèyàn.

Àwọn òǹwòran tiwa ò sunkún ní tiwọn. Ọ̀gá ti gba gbọ̀ngàn kékeré kan, ó to àga, awakọ̀ èrò wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, Aránṣọ tó ń rán aṣọ fèrèsé fún gbogbo àdúgbò sì jókòó síwájú pátápátá. Bí ọmọ yẹn ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò sọ̀rọ̀, Aránṣọ pòṣé. Òṣé náà gùn.

Ó ní, "Ẹ wo ọmọ burúkú. Ó wọlé bá bàbá ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, 'ẹ kú iṣẹ́' lásán ò lè jáde lẹ́nu ẹ̀."

Awakọ̀ èrò ní, "Bàbá náà ò kúkú kí i káàbọ̀. Ilẹ̀kùn ló ká a lára."

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ lọ, nǹkan ti bàjẹ́. Ọmọ náà nu bàtà, wọ́n ní kò kí bàbá ẹ̀. Ó fún bàbá lómi, wọ́n ní omi tí wọn ò fi ìkíni gbé fúnni, ta ló fẹ́ mu ún? Níparí, wọ́n pa fìtílà, ọmọ náà ní "Ó dàárọ̀" nínú òkùnkùn, Aránṣọ ní, "Ṣé ó ti wá lẹ́nu báyìí?" Ẹlẹ́nu-Méje jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, etí rẹ̀ gbóná. Ohun tó dùn ún jù ni pé òun náà ìbá pòṣé bó bá jẹ́ òun ló jókòó síwájú.

Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú, òógùn ló máa ń bò ó bí ọ̀rọ̀ bá le. Ó fi áńkáṣíìfù nu ojú, ó ní àwọn tó ni eré ti gbà kí wọ́n tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i, àti pé lẹ́yìn ìyẹn ó parí.

Ó ní, "Ẹnì kan tó ń ta bẹ́ẹ̀dì onífóòmù ti wá wo yàrá wa. Ó ní yàrá náà wu òun, pàápàá ògiri ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olùkéde bọ́ fìlà rẹ̀, ó tún un dé. Ó ti pẹ́ tó ti sọ fún wọn pé ọjọ́ tóun fẹ̀yìn tì ní ibùdókọ̀, ilé dákẹ́ mọ́ òun lórí bí ẹni pé wọ́n gbé òun sínú ìkòkò, pé máìkì yìí ló yọ òun. Ẹlẹ́nu-Méje wò ó, ó wo fóòmù ara ògiri. Ó tún rántí àwọn bíi màmá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tó jẹ́ etí ló fi ń wo fíìmù. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ sísàlẹ̀ àwòrán fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Olùkéde ní kí ọmọ náà ti ìta kí bàbá rẹ̀ kó tó wọlé. Onímáìkì yí àwòrán padà sẹ́yìn: láti ìta ni kámẹ́rà ti ń wo ọmọ náà, ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé gbọingbọin.

Onímáìkì wá ní, "Ẹ jẹ́ kí bàbá yẹn dáhùn bíi pé ọmọ ti kí i. Kó ṣáà ní 'Hẹ̀n-ẹ̀n, o ṣé.' Àwọn èèyàn á rò pé etí àwọn ni ò gbọ́ ọ."

Ẹlẹ́nu-Méje kọ́kọ́ fò mọ́ ọn. Ó tún jókòó. Ó ní, "Rárá. Kò kí i. Ọ̀fun ẹ̀ ló dí. Tá a bá ní ó kí i, a ti pa eré yẹn sọnù, ó ti di ọmọ tó lọ ra búrẹ́dì tó padà wálé."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ró nísàlẹ̀, Ẹlẹ́nu-Méje sì lọ jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ màmá rẹ̀.

Màmá yìí la gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Èdè mìíràn ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, ìgbà tó fẹ́ bàbá Ẹlẹ́nu-Méje ló tó kọ́ Yorùbá. Lọ́dọ̀ àwọn èèyàn tirẹ̀, ẹni tó bá dé kì í fi ẹnu kíni. Á wọlé, á jókòó, èémí á balẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé ọkọ, ó rí i pé ńṣe ni wọ́n ń kí ẹni tó jókòó pé ó kú ìjókòó, wọ́n ń kí ẹni tó dìde pé ó kú ìdúró, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan náà ò bọ́, wọ́n á ní ó kú ilé. Ó ní ẹ ò jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó kí i. Àwọn ará ilé ọkọ ń pè é ní Ìyàwó Panumọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń bá a jà lójoojúmọ́ ayé. Àárín àwọn méjèèjì ni Ẹlẹ́nu-Méje dàgbà sí, ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti yàrá dé ilé ìdáná. "Màmá àgbà ní ṣé ẹ ò rí àwọn ni." "Màmá ní àwọn rí yín, ṣebí àwọn ti jókòó tì yín." Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe, kò tíì pé ẹni tó ń wọ bàtà síléèwé.

Ó gbé oúnjẹ síwájú ara rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Màmá, tó bá jẹ́ ìlú yín ni ọmọ inú fíìmù yẹn padà sí, báwo ló ṣe máa kí bàbá ẹ̀?"

Ìyá náà ń ká aṣọ, ọwọ́ ló fi ń wá etí aṣọ. "Kí ló fẹ́ kí i fún? Ṣebí ó ti dé."

"Ṣé dídé náà ni ìkíni?"

"Ẹni tó bínú lọ, tó tún fẹsẹ̀ ara ẹ̀ gbé ara ẹ̀ wá. Kí lẹ tún fẹ́ kó gbé wá?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá bàbá ẹ ò gbà bẹ́ẹ̀ ṣá. Ó ní mi ò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó bá mi fà á títí ọjọ́ tí mo ti ìsìnkú ìyá mi dé."

Ẹlẹ́nu-Méje rántí ọjọ́ náà. Ọmọ kékeré ni, òun ló ṣílẹ̀kùn. Màmá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, eruku ọ̀nà lára rẹ̀, báàgì léjìká. Màmá àgbà jókòó lórí àpótí, ó ń ya ẹ̀wà gbígbẹ kúrò lára èèpo, kò gbójú sókè.

Ìyá náà ní, "Mo ti ń tò ó láti inú ọkọ̀. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìrí mi. Mo fẹ́ kí i lọ́jọ́ yẹn kó má rí nǹkan sọ sí mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo lanu, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Mo rò pé ó máa bú mi. Obìnrin yẹn kàn ní…"

Àwọn méjèèjì sọ ọ́ pọ̀: "Má tíì kí mi. Wọlé ná."

Ìyá náà ká aṣọ tó kù. Ó ní, "Àtọjọ́ yẹn ni mo ti ń kí i dáadáa."

Ẹlẹ́nu-Méje ti dìde. Kò mọ̀gbà tó dìde. Ó kó ọwọ́ lé orí, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó yí àga po, ó di orí màmá rẹ̀ mú, ó fẹnu kò ó níwájú orí, ìyá ní kí ló dé, kò dáhùn. Bàtà tó wọ̀ jáde, ẹsẹ̀ kan jẹ́ tirẹ̀, ẹsẹ̀ kejì jẹ́ ti màmá rẹ̀. Ó ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì, àwọn èèyàn ń yà fún un. Wàyí o, bí bàbá bá ti sọ fún ọmọ pé má tíì kí mi, dídákẹ́ ọmọ kì í ṣe àfojúdi mọ́, ọ̀rọ̀ bàbá ló ń gbọ́. Ẹni tó bá sì ní "má tíì," ó ti mọ̀ pé ìkíni wà nínú ọmọ òun, ó ti rí i tó há sí i lọ́fun, ó ń sọ fún un pé àyè ṣì wà, kó má tún lọ mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọjá ilé ìtẹ̀wé, ó tún ní láti padà.

Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó nu ojú. "Ẹni tó kọ eré yìí ní òtútù ń mú. Níbo lo ti rí ìkíni? Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fi nǹkan kún un."

"Ọ̀gá, mi ò fi kún un, mo pààrọ̀ ẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà níbẹ̀. 'Má tíì kí mi. Ti ilẹ̀kùn ná.' Ó gùn tó ti tẹ́lẹ̀. Bàbá náà kọ ẹ̀yìn sí wa, ẹ̀yìn náà á gbó, á tọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bi yín. Àwọn ará ìlú yẹn, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé òtútù ń mú, kí ni wọ́n gbọ́?"

Ọ̀gá ronú. "Wọ́n gbọ́ pé ó gba ọmọ ẹ̀ wọlé."

"Àwọn Aránṣọ ńkọ́? Kí làwọn gbọ́?"

"Wọ́n gbọ́ pé òtútù ń mú."

"Èwo ló wá jẹ́ irọ́ níbẹ̀?"

Olùkéde, tó ti ń gbọ́ láti igun, ní, "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú ẹ̀, á di odidi. Kálukú ló sì mọ ibi tó ti ń dá ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sí méjì."

Ọ̀gá wò wọ́n, ó wo bàtà ẹsẹ̀ Ẹlẹ́nu-Méje, ó ní kí wọ́n ṣe é. Ó ní bí wọ́n bá tún pòṣé, Ẹlẹ́nu-Méje ló máa lọ bá oníbẹ́ẹ̀dì sọ̀rọ̀.

Wọ́n bọ́ sídìí máìkì. Olùkéde nu ọ̀fun, ó sọ ọ́, ohùn rẹ̀ yọ ketekete, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹlẹ́nu-Méje ní, "Bàbá, ọkọ̀ ojú irin kọ́ ló ń wọlé o. Ọmọ yín ni."

Ó tún un sọ, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń bọ̀. Wọ́n ṣe é, wọ́n tún un ṣe, Onímáìkì jẹ odidi páálí bisikíìtì kan. Ẹlẹ́nu-Méje tún àwòrán wò, ó rí i pé oníbàtà yẹn ń fi ètè di ìṣó mú nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ó fún Olùkéde ní igi ìṣáná díẹ̀ kó fi sáàárín ètè, ó ní kó mú òòlù gidi, kó máa fi kan tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú yẹn díẹ̀díẹ̀, kó má wo máìkì. Bàbá náà kan tábìlì, ó kan án. Ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wúwo díẹ̀, bíi pé ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ ti lọ. Onímáìkì gbé àtàǹpàkò sókè sí gíláàsì.

Olùkéde ń yọ igi ìṣáná lẹ́nu nígbà tí Ẹlẹ́nu-Méje tún fò dìde. Ó ní, "Ó ku ọ̀kan. A ti ní kó má tíì kí i. Àwọn èèyàn á máa retí ẹ̀ báyìí. Kí ìkíni yẹn má wá, wọ́n á pa wá."

Wọ́n yí fíìmù dé ìparí, ibi tí wọ́n ti pa fìtílà. Òkùnkùn birimù, a ò rí ẹnu ẹnikẹ́ni. "Ó dàárọ̀" tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n yọ ọ́. Onímáìkì gbé bisikíìtì mì, ó bọ́ síwájú máìkì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún un wò, adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. Àwọn òǹwòran kan náà ni wọ́n pè. Aránṣọ tún lọ jókòó síwájú, ó ní òun mọ ọmọ burúkú yẹn dáadáa. Ẹlẹ́nu-Méje mú màmá rẹ̀ wá, ó fi í jókòó sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ dúró ti ògiri torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbà kó jókòó. Olùkéde ti dé fìlà bo ojú.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ dúró. Kámẹ́rà wò ó. Aránṣọ fa èémí símú, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

"Má tíì kí mi," ni bàbá tó kọ ẹ̀yìn síni wí. "Ti ilẹ̀kùn ná."

Òṣé náà dúró sínú Aránṣọ. Ó tú èémí jáde díẹ̀díẹ̀, kò ní ohùn nínú. Lórí àwòrán, ọmọ ti ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó mú bàtà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí tíṣà fẹ́ sọ nǹkan, awakọ̀ èrò ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Wọ́n ní kó má tíì kí àwọn." Ọmọ náà gbé omi fún bàbá, Aránṣọ gbé ẹ̀yìn kúrò lára àga. Bàbá náà na bàtà kan sí ọmọ, ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Aránṣọ ní, "Ó máa kí i. Ẹ fún un láyè." Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ọmọ náà bá lanu, gbogbo gbọ̀ngàn á tẹ̀ síwájú, bó bá pa á dé, gbogbo wọn á tún fẹ̀yìn ti àga. Ẹlẹ́nu-Méje ń rí i látibi ògiri, inú rẹ̀ ń dùn débi tó fi ń bà á lẹ́rù.

Fìtílà kú. Ojú àwòrán dúdú, gbọ̀ngàn náà dúdú. A ń gbọ́ bí ibùsùn ṣe ń dún lábẹ́ ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọ náà wá láti inú òkùnkùn, ó há díẹ̀ kó tó jáde:

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

Bàbá inú eré náà ò dáhùn. Wọn ò kọ èsì fún un. Aránṣọ ló dáhùn. Ó dà bíi pé òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé ẹnu òun là. Ó ní, "Hẹ̀n-ẹ̀n, ọmọ mi. Káàbọ̀."

Nígbà tí wọ́n tan iná, omi wà lójú Aránṣọ, ó ń bá awakọ̀ èrò jà pé èéfín mọ́tò ara aṣọ rẹ̀ ló kó sóun lójú. Ọ̀gá ti wà níta lórí fóònù, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń sọ fún oníbẹ́ẹ̀dì pé kó jọ̀ọ́ wá ibòmíràn. Olùkéde ṣí fìlà kúrò lójú. Àwọn èèyàn yí Ẹlẹ́nu-Méje ká, wọ́n ń kí i, ó kú iṣẹ́, ó kú làálàá, ó kú ọpọlọ, ó ń dá wọn lóhùn lọ́tùn-ún lósì, títí ó fi dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

Màmá rẹ̀ ò kí i. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé báàgì tó wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí itan. Ẹlẹ́nu-Méje jókòó síbẹ̀, ẹnu méjèèje pa dé.